Àgbà Ò Sí Nílùú, Ìlú Ń Tàn Yanran

Àgbà ò sí nílùú, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro. Òwe yìí ti gbó lẹ́nu wa débi pé kò sí ìpàdé ẹbí tí ẹnìkan kì í ti fi í na ẹlòmíràn lẹ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa á kò dé Minnesota ní Amẹ́ríkà rí. Ká ní wọ́n dé ibẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, tí wọ́n sì yọjú sí yàrá ìjẹun ìdílé kan tó rí jájẹ, wọn ì bá bá odindi ìlú pàdé lórí tábìlì. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ilé ìfowópamọ́ wà níbẹ̀, ilé búrẹ́dì, ilé ìtàwé, ibùdó rélùwéè, gbogbo fèrèsé ló mọ́lẹ̀ kedere. Baálẹ̀ ńkọ́? Kò sí. Ìjòyè ńkọ́? Kò sí. Ẹnikẹ́ni kò tíì kú nílùú náà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì bímọ níbẹ̀. Yìnyín ti bo òrùlé láti ìgbà ìjọba Reagan, kò yọ́. Ajá tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà kò gbó, kò ṣu. Ìlú tí kò ní àgbà nìyí, kò sì bàjẹ́. Eruku nìkan ni wọ́n ń nù kúrò lára rẹ̀ lọ́dọọdún.

Abúlé Kérésìmesì ni mò ń sọ. Ilé tánganran kéékèèké ni, tí ihò wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gílóòbù, tí ènìyàn ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ títí yóò fi ní àdúgbò, tí àdúgbò yóò fi di ìlú. Òwò ńlá ni. Lára Bachman's, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta òdòdó ní Minnesota, ni òwò náà ti yọ. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀ka iṣẹ́ wọn. Ẹ̀ka tó ń kó ọjà ẹ̀bùn wọlé láti òkè òkun bọ́ sí nọ́ńbà 56, bí orúkọ Department 56 ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn. Ní 1976 wọ́n gbé ilé mẹ́fà jáde, wọ́n pè é ní Snow Village. Nínú mẹ́fà náà, ṣọ́ọ̀ṣì gba méjì. Ẹni tó bá ń gbé Èkó yóò sọ pé wọ́n tilẹ̀ rọra ṣe ni.

Kì í kúkú ṣe àwọn ló kọ́kọ́ mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ní 1223, Francis ará Assisi kó màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ààyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùjẹ ẹran ní Greccio, ní ilẹ̀ Ítálì, kí àwọn ará ibẹ̀ lè fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe bí Jésù. Àwọn onígbàgbọ́ Moravian tó tẹ ìlú Bethlehem dó ní Pennsylvania ní 1741 náà kó àṣà tiwọn bọ̀ láti Jámánì. Wọ́n á lọ sínú igbó, wọ́n á ṣa kóríko tútù tó ń hù lára òkúta, wọ́n á gbé kùkùté igi wálé, wọ́n á to olùṣọ́-àgùntàn àti àgùntàn sórí rẹ̀, wọ́n á sì pe aládùúgbò wá gbọ́ ìtàn ìbí náà. Nígbà tó di bí 1920 sí 1930 ni ilé páálí bẹ̀rẹ̀ sí í ti Japan dé sí ọjà Amẹ́ríkà, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á, àwọn ọmọdé a sì tò ó yí ìdí igi Kérésìmesì ká. Nínú gbogbo ìyẹn, ẹnìkan ṣáà wà tí ìlú ń yí ká. Ọmọ ọwọ́ ni àgbà ìlú náà, inú ibùjẹ ẹran ló sùn sí, ṣùgbọ́n àgbà ni. Lórí ọ̀pọ̀ tábìlì tí mò ń wí yìí, ẹ wá a títí, ẹ kò ní í rí i. Ilé ìfowópamọ́ ló wà ní gbàgede.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 1984, nígbà tí Department 56 gbé ìlú Charles Dickens, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, jáde. Ẹ rántí ẹni tí Dickens í ṣe. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n ti bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n Marshalsea ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí gbèsè, ní 1824. Òun fúnra rẹ̀ lọ ń lẹ ìwé mọ́ ìgò ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pólíìṣì bàtà. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi bínú sí ìyà yẹn. Nígbà tó kọ ìtàn Kérésìmesì rẹ̀ jáde ní 1843, ó fi Scrooge ahun sínú rẹ̀, ó sì fi Bob Cratchit akọ̀wé sínú rẹ̀, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ń san ṣílè 15 fún lọ́sẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kan ń fi igi rìn. Kí ojú lè ti ọlọ́rọ̀ ló ṣe kọ ọ́. Ojú kò ti ọlọ́rọ̀. Ilé Cratchit ni ọlọ́rọ̀ rà. Ó ra ọ́fíìsì Scrooge náà mọ́ ọn, ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí aṣọ tábìlì funfun, ó tan iná sí méjèèjì bákan náà, ó wá bu ẹran tòlótòló sẹ́nu. Òtòṣì tí wọ́n fi tánganran ṣe kì í tọrọ owó oṣù.

Ilé náà a tún máa fẹ̀yìn tì. Mi ò fi ṣeré: lọ́dọọdún ni ilé iṣẹ́ náà ń kéde àwọn ilé tí wọn kò ní í ṣe mọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún un sì ni ọ̀rọ̀ kan náà tí ìjọba ń lò fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó pé ọgọ́ta ọdún. Láyé ìgbà kan, bí ilé bá ti fẹ̀yìn tì báyìí, iye owó rẹ̀ a gòkè. Àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wa tó ń tò lórí ìlà nítorí owó ìfẹ̀yìntì yóò fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú èyí. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé ilé wọ̀nyí ni àwọn yóò fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Nígbà tí ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, oníkálukú wá rí i pé ilé tó wà lọ́wọ́ òun wà lọ́wọ́ gbogbo ayé, owó sì já wálẹ̀. Àwọn tó ń mọ ìlú náà gan-an ra Lenox, ilé iṣẹ́ àwo tánganran, ní 2005, wọ́n sọ ara wọn di Lenox Group. Nígbà tó fi máa di 2008, wọ́n ti wà níwájú ilé ẹjọ́ lórí gbèsè tí agbára wọn kò ká. Òwò náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ń tà á títí di òní.

Ṣùgbọ́n tábìlì ni ọ̀rọ̀ mi, kí n padà síbẹ̀. Ìṣòro abúlé Kérésìmesì ni pé ó ń tóbi, tábìlì kì í sì í tóbi. Ẹni tó ra ilé mẹ́ta lọ́dún yìí á ra mẹ́ta lọ́dún tó ń bọ̀, á wá fi igi kún un, á fi àwọn tó ń kọrin níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kún un, títí ìyàwó yóò fi bèèrè ibi tí òun yóò gbé ọbẹ̀ kà. Bí àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn ṣe dá ọgbọ́n ìlú alágbèéká nìyẹn: ìlú tí wọ́n kọ́ sórí pákó kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé bí oúnjẹ bá dé, wọ́n á gbé ìlú kúrò.

Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ ọwọ́ tí mi ò mọ̀ ni mò ń bú. Pákó pẹlẹbẹ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kó kéré sí tábìlì lọ́tùn-ún lósì, kí àwo àti ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó ń jẹun lè rí àyè. Wọ́n á lẹ aṣọ múlọ́múlọ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀ kó má baà ha igi tábìlì, wọ́n á kan ọwọ́ ìdìmú mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Ẹlòmíràn a fi irin róbótó tó ń yí sábẹ́ rẹ̀, kí àlejò tó jókòó sẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ lè fi ìka ti ìlú, kí ìlú yí bírí, kó rí iwájú ilé náà. Fóòmù líle, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń dí ògiri kí òtútù má wọlé, ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ di òkè àti àfonífojì. Inú fóòmù yìí ni wọ́n ti ń gbẹ́ ojú ọ̀nà fún wáyà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń bo àpótí bátìrì mọ́lẹ̀ sí. Bátìrì ṣe pàtàkì. Ìlú tí wáyà rẹ̀ dé ara ògiri kò ṣeé gbé: ọjọ́ tí ẹ bá gbé e ni ẹni tó ń kọjá yóò fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, tí ṣọ́ọ̀ṣì yóò sì bá inú ọbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àtè rírọ̀, èyí tí ènìyàn lè ṣí kúrò tó bá yá. Wọ́n ń fi díẹ̀ sí ìdí ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà fò nígbà tí wọ́n bá gbé pákó. Dígí pẹlẹbẹ ni adágún omi. Òwú tàbí ike wẹ́wẹ́ ni yìnyín. Kí wọ́n má tan àbẹ́là sítòsí òwú, èyí kò gba àríyànjiyàn. Àwọn tó wà láyé ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì tilẹ̀ rí ohun tó burú ju òwú lọ, asbestos ni wọ́n ń tà fún wọn bíi yìnyín Kérésìmesì, nítorí pé iná kì í jó o. Iná kò jó ilé, ẹ̀dọ̀fóró ló san gbèsè.

Ìgbà tí wọ́n bá to ilé tán ni wọ́n ń kó ènìyàn wọlé, níbẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Ọmọlángidi wọ̀nyí kò bá ilé wọn mu. Onílé ga ju ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ lọ. Obìnrin tó ń ta òdòdó níwájú ilé ìfowópamọ́ fẹ́ẹ̀ lè fi orí kan fèrèsé òkè. Bí wọ́n bá fẹ́ wọlé sùn lálẹ́, wọn kò ní í lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ìta kì í dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú wọn: ẹ̀rín ni gbogbo wọn ń rín. Mo ti rí ìjọba tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún mẹ̀kúnnù, tí àwọn tó wá ṣí i náà ń rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ń sọ, pé ohun tó wà láàárín tábìlì ìjẹun kò gbọdọ̀ ga ju nǹkan bí íǹṣì 12 lọ, kí ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún lè rí ojú ẹni tó jókòó lósì. Òfin rere ni. Kò sí ẹni tó ń pa á mọ́. Ẹ gbé ilé lórí òkè fóòmù, ẹ gbé òkè lórí pákó, ẹ gbé pákó lórí irin tó ń yí, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ibi tí orí ṣọ́ọ̀ṣì yóò dé. Báyìí ni bàbá àgbà tí wọ́n wakọ̀ lọ gbé wá láti ilé àwọn arúgbó, tó tún jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń lọ gbé e, yóò ṣe jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí i. Àwa a máa sọ pé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ní ọjọ́ yìí, ohun tí àgbà fi ìjókòó rí ni ẹ̀yìnkùlé ilé búrẹ́dì. Bó bá fẹ́ bèèrè iyọ̀, orí òrùlé ni ohùn rẹ̀ yóò gbà.

Ibí yìí ni òwe àwọn baba wa ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Ìlú kò bàjẹ́ rárá, àgbà ló bàjẹ́. Ẹ wo baálé ilé tó ni tábìlì náà, ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó mọ ibi tí olúkúlùkù ọmọlángidi rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Bí ẹnìkan bá sún ọlọ́pàá ìlú sápá òsì díẹ̀, á mọ̀. Kò mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìjà ilẹ̀ kan wà láàárín wọn tó yẹ kó parí lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò sì rí ojú ara wọn nítorí ibùdó rélùwéè. Òfin kan ṣoṣo ló wà nílùú tánganran, baálé ilé fúnra rẹ̀ ló sì ń kéde rẹ̀ sí àwọn ọmọ-ọmọ: “Má fọwọ́ kàn án!” Ọmọdé rí ilé tó mọ níwọ̀n tirẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tó mọ níwọ̀n ọwọ́ rẹ̀, yìnyín tí kì í mú òtútù, àgbàlagbà ló ń fi ṣeré, ọmọdé ló ń ṣọ́ ìwà.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé ohun kékeré ni mò ń bá jà. Mo gbà. Ohun kékeré náà ni ti Marie Antoinette, ìyàwó ọba Faransé, ẹni tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ abúlé fún nínú ọgbà ààfin Versailles ní 1783. Tirẹ̀ ga tó ilé gidi. Adágún wà níbẹ̀, ilé ọlọ, ilé wàrà, màlúù àti àgùntàn. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wọ aṣọ funfun lẹ́fẹ́lẹ́fẹ́, wọ́n á lọ fi ojú kan ayé àwọn ará oko. Àwọn ará oko gidi wà lẹ́yìn odi, búrẹ́dì ń wọ́n wọn. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1793. Mi ò sọ pé ilé tánganran ló pa á. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ń fi abúlé ṣeré máa ń pẹ́ kí ó tó gbọ́ ohun tí abúlé ń wí.

Ọ̀rọ̀ gbígbé ìlú kiri pàápàá, ojú ẹlòmíràn ni àwa fi ń wò ó. Àwọn Ẹ̀gbá gbé ìlú wọn lọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ níwájú, ogun ló lé wọn. Ọ̀yọ́ Ilé tú, Àtìbà lọ tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́ Ọ̀jà. Ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, òkú lójú ọ̀nà, àgbà sì wà nínú wọn tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ká wá gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà, ìlú kan ti orí tábìlì dé orí kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé tòlótòló ti jinná! Síbẹ̀, kí n má parọ́, nínú gbogbo àwọn oníṣẹ́ abúlé yìí, ẹni tó kan ọwọ́ ìdìmú mọ́ pákó rẹ̀ nìkan ló ní làákàyè. Òun nìkan ló mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀ wá jẹun.

Àwọn èèyàn wa náà ti wà nídìí rẹ̀. Ẹ lọ sí Houston, níbi tí ọdún púpọ̀ ti lè kọjá kí yìnyín tó bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí ọmọ Yorùbá tó tẹ́ òwú sórí tábìlì, tó gbé ilé àwọn Òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù ayé Fíkítóríà lé e, tó ń wá ibi tí páànù ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yóò jókòó sí. Ìyá rẹ̀ tó ti Ìjẹ̀bú wá bá wọn tọ́mọ jókòó síbẹ̀, ó ń wo ìlú tí kò ní ọjà. Ṣọ́ọ̀bù wà, ọjà kò sí. Bó bá bèèrè ẹni tó ń ṣe Ìyálọ́jà wọn, ẹ ò lè dá a lẹ́bi.

Ọmọ yìí kan náà ló kọ́ ilé alájà méjì sí abúlé bàbá rẹ̀. Gíláàsì ni fèrèsé rẹ̀, ère kìnnìún méjì wà lẹ́nu géètì, yàrá mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni kò sùn nínú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣílé. Ọlọ́dẹ kan ló ń ṣọ́ ọ, òun ló ń tan iná sí i lálẹ́ kí àwọn ará abúlé lè mọ̀ pé ilé náà ní olówó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tò lọ bẹẹrẹbẹ ní àwọn abúlé wa, wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n dá páropáro. Baálé ilé kú, ilé dahoro, ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Baálé ilé yìí kò kú o. Ara rẹ̀ le koko, ó wà ní Houston, ó ń fi àtè lẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ pákó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ó tò ó lọ́dún yìí, ẹ kan ọwọ́ ìdìmú mọ́ ọn, ẹ lo bátìrì, ẹ má jẹ́ kó ga ju íǹṣì 12 lọ. Bí ìrẹsì bá ti dé, kí ènìyàn méjì di ìlú mú lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n gbé e kúrò pátápátá, kí wọ́n fi ìyá tàbí bàbá sí ibi tí gbogbo yín ti lè rí ojú rẹ̀, kí ẹni tó ní ẹjọ́ lọ́wọ́ rò ó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kó ọkọ̀ ojú irin náà sílẹ̀ kí wọ́n fi ṣeré. Tó bá fọ́, wọ́n ṣì ń tà á. Kí ẹ tún pe ọlọ́dẹ yín nílé, kó pa jẹnẹrétọ̀. Epo ti gbówó lórí, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.